Ìwé Tí Egidio Fọwọ́ Sí

Nígbà tí Tecla Olcese kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà, ó dojú bolẹ̀ gbalaja ni nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Ó gbé etí lé ara ọkọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ti yọ síta láti inú ihò ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ìpàtẹ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Genova ni, oòrùn oṣù kẹsàn-án ṣì ń mú. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gun ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ bàtà sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kó má baà họ pákó ilẹ̀ tí owó ńlá wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówó ayé fi máa ń rìn kiri láìwọ bàtà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ìyàwó olóṣèlú àti ọmọ oníbáǹkì á sì jọ tẹ̀ ba wá bàtà wọn nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Láti ọdún mẹ́wàá tí Tecla ti ń bá bàbá rẹ̀ ta ọkọ̀, ó ti rí oríṣiríṣi oníbàárà. Èyí tí kò tíì rí ni ẹni tó máa wọ inú ọkọ̀ onímítà méjìdínlọ́gbọ̀n tí kò ní kọ́kọ́ lọ wo bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀gá ọkùnrin náà wà lókè. Montorsi lorúkọ rẹ̀, ará Sassuolo tó ń ṣe táìlì tó sì ń tà á káàkiri ayé. Ó ń béèrè bí ẹ̀rọ yìnyín ṣe lágbára tó. Loredana ìyàwó rẹ̀ ti na ara sórí bẹ́ẹ̀dì yàrá ńlá, ó ń ké sí ọkọ rẹ̀ pé kó wá wo bí àjà ṣe ń tàn. Atukọ̀ wọn nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ síbi tí òórùn epo wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé ẹ ṣubú ni?" Tecla bi í.

"Rárá o. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ ni."

"Kí ló wí?"

"Kò tíì dá mi lóhùn. Èrò pọ̀ lókè, ojú ń tì í."

Tecla ti ń fi ẹ̀rín tajà láti àárọ̀, ẹnu ti ń ro ó. Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wàyí kì í ṣe ti ọjà rárá.

"Ẹ má bínú, Kápítẹ́nì," ó ní, ó sì nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tó ga ju ilé lọ ni kò ní ìbọ̀sẹ̀ yìí?"

"Ọ̀gá mi ló fẹ́ rà á. Èmi ni mo ni ìbọ̀sẹ̀." Ó dìde, ó gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ rẹ̀. "Egidio Schiaffino. Ọmọ Camogli ni mí."

"Ọmọ Camogli! Ẹ ì bá ti tètè sọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka iyọ̀ sínú ọbẹ̀ ní hóró hóró."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Lavagna ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin tí orí yín le ju òkúta tí ẹ fi ń bo ilé lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gòkè padà.

Lẹ́yìn èyí ni Egidio wá béèrè ohun tó bá wá gan-an. "Bí epo bá kún un, tí omi kún un, báwo ló ṣe ń jókòó sórí omi?"

"Ó wà nínú ìwé tí a pín fún yín."

"Mo ti ka ìwé. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Tecla mọ ìdáhùn rẹ̀. Gerolamo Olcese, bàbá rẹ̀, káfíńtà ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ apẹja ló ń kàn, kó tó wá máa kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ kéékèèké. Èyí ni ọkọ̀ ńlá tó kọ́kọ́ kàn, gbogbo ohun tó ní ló sì dà lé e lórí. Nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, ó rí i pé òkè onípele mẹ́ta ni àwọn olówó ń fẹ́, ó bá fi ìpele kan kún un láìbi ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà. Ìwúwo bọ́ sẹ́yìn. Bí táǹkì bá ti kún, ìdí ọkọ̀ á rì ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí omi tó dákẹ́, ojú lásán kò lè rí i. Gerolamo mọ̀, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀.

"Ó ń jókòó dáadáa," Tecla fèsì.

Egidio wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò sì tún béèrè mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá láìmú ọ̀gá rẹ̀ dání, ó ní òun fẹ́ wọn ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà ló fi wákàtí méjì wọ̀n. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, wọ́n lọ jókòó sí ilé kọfí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ti búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóróró bọ inú kọfí oníwàrà, bí gbogbo ọmọ Genova ṣe máa ń ṣe tí ará Milano ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

"Ẹ ń ti í bọ̀ ọ́ jù," Egidio ní. "Yóò já sínú rẹ̀."

"Kó já. Mo ní ṣíbí."

"Ìyẹn ni pé ẹ ti múra sílẹ̀ fún ìjàǹbá."

"Ọmọ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ni mí, Kápítẹ́nì. Ohun tí a ń jẹ nìyẹn."

Kí òjò oṣù kẹwàá tó wọlé, Egidio ti wá sí Lavagna, sí ọgbà tí bàbá Tecla ti ń kan ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ní ìbéèrè nípa fèrèsé, ó ní ìbéèrè nípa okùn ìdákọ̀ró, ó tún ní ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Tí ìbéèrè bá tán, àwọn méjèèjì á rìn gba etí odò Entella lọ dé ibi tó ti wọ òkun. Tecla jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Egidio sì ti lé díẹ̀ ní ogójì. Àwọn méjèèjì ti rò pé iṣẹ́ ti jẹ ìgbà èwe àwọn tán, ó wá ń yà wọ́n lẹ́nu bí ara wọn ṣe ń yá gágá bí ọmọ ilé ìwé.

Inú Gerolamo kò dùn sí i ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Atukọ̀!" ó ní, nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán. "Ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ olówó, tó ń jẹun lẹ́yìn olówó."

"Bàámi, káfíńtà mà ni ẹ̀yin náà."

"Káfíńtà tó ní ọgbà!" Ó jẹun díẹ̀, ó ronú, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ṣé ó fẹ́ràn rẹ gan-an?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Má lé e nígbà náà. Tí Montorsi kò bá ra ọkọ̀ yìí, a ó ti ọgbà pa kí Kérésì tó dé. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ni màá lọ sọ ọ́ fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Tecla dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó bá bàbá rẹ̀ jẹun náà tán. Nígbà tó yá, tó bá rántí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà, ó máa ń wù ú pé ì bá ti dìde kúrò nídìí tábìlì.

Nínú iṣẹ́ yìí, wọn kì í parí ọjà láìjẹ́ pé wọ́n gbé ọkọ̀ jáde sí òkun kí wọ́n fi dán an wò. Ẹni tó kan ọkọ̀ á kọ iye epo àti iye omi tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà sínú ìwé kan, á kọ bó ṣe sáré tó àti bó ṣe dúró lórí omi. Atukọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á á wá fọwọ́ sí i. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

"Epo tó máa gbé wa lọ gbé wa bọ̀ nìkan ni kó wà nínú rẹ̀," Gerolamo sọ fún ọmọ rẹ̀. "Omi, má fi síbẹ̀ rárá. Agogo méje àárọ̀ la ó jáde, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kí o kọ ìwé. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé táǹkì kún."

"Bàámi, Egidio máa rí i."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwọ kọ ọ́."

Òkun dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ fò lọ bí ẹyẹ, Montorsi sì ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Egidio wà nídìí ìtọ́kọ̀. Tecla rí i tó wo aago epo tí ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀. Ó rí i tó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ òun, níbi tí òun ti fi lẹ́tà rírẹwà kọ ọ́ pé epo kún, omi kún. Lẹ́yìn náà ló wo ojú rẹ̀.

"Báwo, Egidio?" Montorsi pariwo láti ẹ̀yìn. "Ṣé ó dáa? Ṣé kí n rà á?"

Tecla kò lè sọ̀rọ̀ sókè. Ètè rẹ̀ nìkan ló mì. "Jọ̀ọ́," ni ètè náà sọ.

Egidio gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa, ọ̀gá," ó ní, ó sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, tí àwọn àgbà ti lọ mu wáìnì, ó dúró tì í lórí èbúté.

"Tecla, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tukọ̀. N kò fọwọ́ sí irọ́ rí."

"Mo mọ̀."

"O kò mọ̀. Èèyàn ló máa wà nínú ọkọ̀ yẹn, èmi ni mo sì máa tù ú."

"Wọ́n máa tún un ṣe. Ó ń padà sínú ọgbà fún gbogbo ìgbà òtútù. Wọ́n á gbé táǹkì kan wá síwájú, wọ́n á mú ìwúwo òkè kúrò. Mo ṣèlérí fún ọ."

"Ìlérí tìrẹ, àbí ti bàbá rẹ?"

"Tèmi."

"Ó tó mi bẹ́ẹ̀," Egidio ní.

Ìgbà òtútù dé. Loredana pààrọ̀ òkúta mábù ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n tún kun yàrá kan ní àwọ̀ mìíràn, gbogbo ọgbà sì ń sáré tẹ̀lé ìfẹ́ inú rẹ̀. Tecla bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìdí ọkọ̀. Bàbá ní ó di oṣù kejì. Ní oṣù kejì, Tecla tún sọ ọ́. Bàbá ní kò sí àyè mọ́, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kọjá, ọkọ̀ á padà wá fún ìtọ́jú, àwọn á ṣe é nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Tecla kò béèrè mọ́.

Ní oṣù karùn-ún tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, Egidio mú Tecla lọ sí ibi tí odò ti wọ òkun. Ó kó ọwọ́ sápò, ó yọ ọ́, ó tún kó o padà. Tecla bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìbéèrè nípa okùn ìdákọ̀ró ló tún kù ni?"

"Ó jọ ọ́." Ó yọ òrùka kékeré kan jáde. "Olólùfẹ́ mi, n kò nílé, inú ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń gbé, bí bàbá rẹ ṣe wí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Tecla dáhùn, kí Egidio tó gbẹ́nu dákẹ́ dáadáa.

Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Láti èjìká rẹ̀ ni Tecla ti gbọ́ ohùn rẹ̀, tó rọ̀, tó kún fún ayọ̀: "Wọ́n ti tún ìdí ọkọ̀ yẹn ṣe, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó tún ní.

Kò fẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́ ni. Ó rò pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun á sọ òótọ́, lẹ́yìn tí inú bá ti rọ àwọn méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ náà dé, ó kọjá. Gbogbo oṣù kẹfà, Portofino tó wà nítòsí nìkan ni Montorsi ń lọ jẹun ọ̀sán, epo díẹ̀ ni wọ́n ń rà, ọkọ̀ sì ń lọ ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tecla bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́ pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù keje ni fóònù rẹ̀ dún.

"A fẹ́ lọ sí erékùṣù Corsica," Egidio ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu epo kún un tán. Tecla, ìdí rẹ̀ lọlẹ̀ lójú mi. Ṣé ó dá ọ lójú pé wọ́n tún un ṣe?"

Gerolamo jókòó níwájú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ó ń wò ó. Títí di òní, Tecla lè sọ ohun tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn fún ọ, ife kọfí, ìwé ìdókòwò, gíláàsì ojú bàbá rẹ̀.

"Ó dá mi lójú," ó ní.

"Ó dáa nígbà náà. Ojú mi ló ń tàn mí. Ó dàbọ̀, ààyò mi."

Ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ líle láti àríwá bá wọn lójú òkun, kí wọ́n tó dé. Ìgbì ń ti ẹ̀yìn wọlé, ìdí ọkọ̀ kò sì lè gbéra. Omi gba ojú ihò afẹ́fẹ́ wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrí. Kí àwọn agbẹ̀mílà tó dé, Loredana ti ṣubú láti orí àtẹ̀gùn, apá rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò kú.

Àwọn tó ṣèwádìí gbé ìwé ìdánwò síwájú Egidio. Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i pé o dán ọkọ̀ yìí wò pẹ̀lú táǹkì tó kún, tó sì dúró dáadáa? Ó ní òun ni. Ṣé ẹnì kan tàn ọ́ ni? Ó ní rárá, ọwọ́ òun ni. Wọ́n gba ìwé àṣẹ atukọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo etíkun sì gbọ́ pé atukọ̀ Montorsi ti di ẹrù jù sínú ọkọ̀ rere, tí kò mọ ìwọ̀n.

Ó wá sí Lavagna ní oṣù kẹjọ. Ó dúró sí àárín ọgbà, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n Tecla nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"N kò wá jà, Tecla. N kò dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n tí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ bá mi lọ sọ ọ́, màá dúró dè ọ́ lẹ́nu géètì."

"Egidio, ọgbà á wó. Bàbá mi á kú."

"Mo gbọ́. Ẹnu géètì ni mo wà."

Ó dúró nínú oòrùn títí fèrè ọ̀sán fi dún. Tecla ń wò ó láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì, ó di irin fèrèsé mú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ jẹun, Egidio wo ojú fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá èrò lọ. Kò sí ọjọ́ kan láyé Tecla tí kì í padà jáde lọ bá a lẹ́nu géètì yẹn nínú ọkàn rẹ̀.

Ọgbà kò wó. Wọ́n ní ọkọ̀ Olcese dáa, atukọ̀ ni kò dáa, wọ́n sì ń rà. Gerolamo kú ní ọdún kẹrin láìtún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Tecla kò ní ẹni tó lè fi ṣe àwáwí mọ́. Síbẹ̀, ó tún dákẹ́ fún ọdún méjì sí i. Dídákẹ́ ti mọ́ ọn lára.

Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti sọ orúkọ Egidio di àwàdà ní ìpàtẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ sí nǹkan láìwò ó, wọ́n á ní ó ti ṣe Schiaffino. Ọdọọdún ni Tecla ń gbọ́ ọ, ọdọọdún ló sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Ní ọdún kẹfà, atukọ̀ kan láti Livorno mú tọkọtaya kan wá wo ọkọ̀ tuntun tí ọgbà Olcese gbé wá sí Genova. Ó bọ́ bàtà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí Tecla.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ìyáàfin, kí wọ́n má lọ máa pè mí ní Schiaffino."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Tecla ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rín kò jáde.

"Ẹ má fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀," ó ní.

"Ẹ má bínú, àwàdà ni..."

"Mo ní ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀! Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Táǹkì ṣófo, mo kọ ọ́ pé ó kún. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe, mo ní wọ́n ti tún un ṣe. Kò sí atukọ̀ tó mọ ọkọ̀ wò jù ú lọ nínú gbogbo yín."

Tọkọtaya náà tẹ̀ ba, wọ́n mú bàtà wọn, wọ́n sì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tecla gbé ìwé àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ bá àwọn tó ṣèwádìí, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ọdún tó parí, ọgbà Olcese ti di ti ẹlòmíràn. Mẹ́sàn-án nínú àwọn òṣìṣẹ́ ríṣẹ́ síbòmíràn, àwọn yòókù ń jókòó sílé. Àwọn kan lára wọn, tí wọ́n gbé Tecla jó ní kékeré, kì í kí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tecla kò bá wọn wí.

Ní oṣù kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí La Spezia, níbi tí wọ́n sọ pé Egidio wà. Àwọn tó ń sin ìṣáwùrú dúdú lára okùn nínú òkun ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó bá a tó ń fa okùn, irun rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ ti gbó. Egidio rí i, ó fa okùn tó kù tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi," ó ní. "Wọ́n ní kí n wá gba ìwé àṣẹ mi."

"Mo gbọ́. Inú mi dùn."

"Ìyá mi ti kú, Tecla."

Tecla kò tíì gbọ́ èyí.

"Ó pé ọdún méjì ní oṣù kọkànlá. O mọ Camogli, kò sí ilé tí kò ní atukọ̀. Bàbá mi tukọ̀, bàbá bàbá mi tukọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá mi kì í lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ mọ́. Ọ̀sán ló ń lọ, nígbà tí kò sí èrò. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé, 'Egidio, ṣé oorun ló gbé ọ lọ ni?' Mo ní rárá. Kò bi mí mọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún un pé èmi ni?"

"Ì bá kórìíra rẹ." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Mo ṣì ń rò pé o máa wá nígbà yẹn. N kò fẹ́ kó kórìíra ìyàwó ọmọ rẹ̀."

"N kò wá sọ pé kí o fẹ́ mi," Tecla ní. "Mo wá sọ pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni. Ká ní mo lè dá ọjọ́ padà..."

"O kò lè dá a padà."

"Mi ò lè dá a padà."

Egidio ká okùn rẹ̀ jọ. Ìbínú wà lára rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé kò sí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ yìí, kò tíì rí ẹni tó gba ipò rẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú, mò ń lọ sí ibojì ìyá mi," ó ní. "Agogo mẹ́wàá. Tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ, òun ni kí o lọ sọ ọ́ fún."

Itẹ́ òkú Camogli wà lórí òkè, ó dojú kọ òkun. Ọjọ́ Àìkú, àwọn ìyá àgbà ń bomi rin òdòdó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tecla dúró níwájú òkúta funfun kan tó ní àwòrán obìnrin tíńrín. Egidio dúró sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ sápò.

"Màmá," Tecla bẹ̀rẹ̀, "Tecla Olcese ni mí, ọmọ Gerolamo tó ń kan ọkọ̀ ní Lavagna. Ọmọ yín kò sùn. Kò mutí, kò ṣàìbìkítà. Ọkọ̀ ló ní àbùkù, a mọ̀, a fi pa mọ́. Ó rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i nítorí mi. Mo ní a ti tún un ṣe, a kò tún un ṣe. Ó gbà mí gbọ́. Wọ́n bi í, kò dárúkọ mi. Ó dúró dè mí nínú oòrùn, n kò jáde. Ẹ̀yin ń lọ ra búrẹ́dì lọ́sàn-án nítorí tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú."

Àwọn ìyá àgbà ti gbé garawa omi wọn sílẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ díbọ́n pé àwọn kò gbọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo Camogli yóò ti mọ̀, láti ìsàlẹ̀ èbúté dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ọdún méjì péré ló fi pẹ́ jù.

Egidio rìn wá síwájú, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, ẹ ti gbọ́ ohun tó fi mí ṣe," ó ní. "N kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí i. Òun náà ni mo ṣì fẹ́ fẹ́."

Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Tecla mú.

"Kúnlẹ̀," ó sọ fún un jẹ́jẹ́. "Kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ."

Tecla kúnlẹ̀ sórí òkúta tútù náà. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá," ó ní, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.